Ayárabíàṣá Tí Ó Di Ìgbín: Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Nù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé kí ni ó kan ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá nínú ohun tí ó wà ní ikùn kọ̀ǹpútà, pé kí á fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìbéèrè méjì. Orí kí ni ó ti ń tẹ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀? Inú kí ni ohùn àwọn àgbà tí ó lọ gbà sílẹ̀ ní abúlé wà ní báyìí?

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe kọ̀ǹpútà ní èdè wa. Orúkọ náà dára, ó sì bá ẹ̀rọ náà mu ní ọjọ́ tí ó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tan án kí ẹ tó lọ wẹ̀. Ẹ ó wẹ̀ tán, ẹ ó para, ẹ ó mu gààrí, ẹ ó sì padà wá bá a pé kò tíì jí tán. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, ẹ ó dúró kí ó tó fara hàn. Àṣá wo ni ó ń rìn báyìí? Ìgbín ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì dà báyìí, ohun kan náà ni tọmọdé tàgbà máa ń wí: "Ó ti gbó. Lọ ra òmíràn."

Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ràn yẹn kò dára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ẹ̀rọ náà kò gbó tó bí a ti rò. Ohun kan tàbí méjì nínú rẹ̀ ni ó gbó, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀. Ta ni ó rí àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ jẹ tán tí ó sọ igi ọkọ́ náà sígbó pẹ̀lú rẹ̀? Ilé alágbẹ̀dẹ ni yóò gbà lọ, wọn yóò rọ irin tuntun fún un, yóò sì fi igi àtijọ́ bọ̀ ọ́. Àwa tí a ń kà nípa alágbẹ̀dẹ nínú kíláàsì ni ó wá di ẹni tí ń sọ igi àti irin nù lápapọ̀.

Kí á tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí á mọ ibi tí ó ń dun ẹ̀rọ náà. Èyí kò gba owó. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ìwé kan tí a ń pè ní Task Manager yóò ṣí. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Bí ó bá dúró sí 100% nígbà tí ẹ kò ṣe ohun kan pàtó, háàdì dísìkì ni ó ń fa ẹ̀rọ náà sẹ́yìn. Ẹ wo Memory. Bí ó bá kọjá 85% ní kété tí ẹ ṣí Word àti Chrome, ràámù ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ CPU ni ó ń ga, tí ara ẹ̀rọ sì ń gbóná bí ààrò, ó ṣeé ṣe kí eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan ti dí fáànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó ná owó lórí ohun mìíràn. Mo ti rí ẹni tí ó ra ràámù nígbà tí ó jẹ́ pé eruku ni ó ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí háàdì dísìkì, nítorí òun ni ọ̀daràn jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ṣe láàárín 2010 sí 2016, òun ni a ń kó gbogbo ẹrù sí. Àwo ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ jùjú àti àpàlà. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí àwo náà tí ń lọ tí ń bọ̀ láti ka ohun tí a kọ sí i. Ìgbà 5,400 ni èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká máa ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ojú wa, eré burúkú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe fáìlì kan ni ó ń wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri ara àwo ni. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, apá náà gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ibi tí ó wà, kí ó sì dúró kí àwo yí ibẹ̀ wá bá a. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ó lè gbà á tó 10 tàbí 15 nínú rẹ̀ kí ó tó rí ẹyọ kan. Ẹ wá fi èyí sọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ ó mọ ìdí tí ẹ fi wẹ̀ tán tí kò tíì jí.

SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀. Ohun tí háàdì dísìkì ń fi 10 wá, nǹkan bí ìdámẹ́wàá ẹyọ kan ni SSD fi ń rí i. Bí ó bá sì jẹ́ fáìlì ńlá kan ni a ń kà, háàdì dísìkì àtijọ́ lè gbé nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD onírú SATA lè gbé nǹkan bí 500MB. Oore tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣe SSD onínṣì 2.5 kí ó lè wọ ihò kan náà tí háàdì dísìkì ń wọ̀, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ tú súkúrú, ẹ fa ti àtijọ́ jáde, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó jí, mo ti fi ojú ara mi rí i tí ó jí kí ìṣẹ́jú kan tó pé, láìṣe pé a fọwọ́ kan ohun mìíràn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ohun méjì, SSD ni kí ó fi ṣáájú.

Ràámù ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ń tajà. Yàrá ẹrù rẹ̀ ni háàdì dísìkì tàbí SSD. Àtẹ iwájú rẹ̀ ni ràámù. Ohun tí ó wà lórí àtẹ ni ó lè tà kíákíá. Bí àtẹ bá kéré, tí oníbàárà kan ń béèrè ata, tí èkejì ń béèrè àlùbọ́sà, yóò máa kó ata wọlé kí ó tó lè rí àyè gbé àlùbọ́sà jáde, oníbàárà yóò sì máa dúró. Àtẹ 2GB tàbí 4GB tó nígbà kan. Lónìí, ẹ ṣí àpilẹ̀kọ yín, ẹ ṣí ojú ìwé mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún fẹ́ gbọ́ ohùn tí ẹ ń dà kọ sínú ìwé. Àtẹ ti kún. 8GB ni mo rò pé ó tó akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ fídíò.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ ra ràámù má ṣe fi ẹnu lásán lọ sí ọjà. DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, nítorí gígé tí ó wà ní ẹnu wọn kò sí ní ojú kan náà. DDR3 tí ń lo iná 1.5 fóòtì wà, DDR3L tí ń lo 1.35 náà wà, àwọn ẹ̀rọ kan tí a ṣe láti nǹkan bí 2013 kì í sì gba èyí àkọ́kọ́ rárá. Ẹ yọ èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ sì mú un dání. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá Windows yín jẹ́ 32-bit. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lò ju 4GB lọ bí ẹ bá tilẹ̀ kó 16GB sí i.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn tí ń sọ pé "lọ ra òmíràn" ń pè ní òmíràn? Mélòó nínú wa ni ó lè ra èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí? Tòkunbọ̀ ni a ń rà. Ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ kan ní London tàbí ní Amẹ́ríkà ti lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá yí i dojú bolẹ̀ kí ẹ ka ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ lè rí i pé ẹgbẹ́ ni òun àti èyí tí ẹ fẹ́ sọ nù. Ràámù 4GB, háàdì dísìkì 500GB. Wọ́n ti nù ún, wọ́n ti lẹ nǹkan tuntun mọ́ ọn lójú, ó ń dán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ẹ ti fi ìgbín pààrọ̀ ìgbín, ẹ sì san owó lé e.

Ẹ má sì gbàgbé bí owó ti rí. Ní oṣù Okúdù ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 ṣáájú ìgbà náà kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. N kò sọ pé SSD àti ràámù bọ́ nínú ọ̀wọ́n yìí, nítorí òkè òkun ni àwọn náà ti ń wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ra ẹ̀yà méjì kò ná iye tí ẹni tí ó ra odidi ná, ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ibo tilẹ̀ ni èyí tí a sọ nù ń lọ? Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwé ìwádìí kan jáde lórí Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ ìlú náà lóṣooṣù nígbà náà, àti pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà fúnra wọn sọ pé ó lè tó 75 nínú 100 tí kò ní èrè nínú àtúnṣe. Orí ààtàn ni irú wọn ń bá lọ, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n, òjé àti èéfín rẹ̀ ń padà sínú ilẹ̀ àti sínú imú wa. Àwọn tí wọ́n kó o wá fún wa kò sí níbẹ̀ láti fín in.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ẹ̀ka wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn, bí kọ̀ǹpútà bá kú, ó lè tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ní tiwa, ohùn ènìyàn ni a ń kó sínú rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dáadáa ní ọ̀nà WAV máa ń gba nǹkan bí 10MB fún ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan sì súnmọ́ 600MB. Ẹni tí ó lọ gba ìjálá lẹ́nu ọlọ́dẹ fún wákàtí mẹ́wàá ti kó nǹkan bí 6GB bọ̀ wálé. Inú háàdì dísìkì tí ó ti ń yí láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí ó ti já bọ́ lórí ibùsùn, tí iná ti kú mọ́ lórí láìmọye ìgbà nítorí pé bátìrì ẹ̀rọ náà kò gba iná dúró mọ́, ni ó kó o sí.

Nínú kíláàsì tí ó ṣáájú tiwa, ẹnì kan gba oríkì ìdílé lẹ́nu ìyá àgbà kan ní ìlú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó gbé e lọ bá ní kò sí nǹkan, pé ó kàn ti gbó ni, kí ó máa tu owó jọ fún òmíràn. Ó ń tu owó jọ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà dákẹ́. Nígbà tí ó padà sí ìlú náà pé kí ìyá bá òun tún un kì, wọ́n ti sin ín. Ìmọ̀ràn "ra òmíràn" ni ó pa ohùn yẹn, nítorí ó jẹ́ kí á máa wo owó tí a kò ní dípò kí á wo àwo tí ń kú lójú wa. Ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn ni apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ ní ìṣáájú, tí kò rí ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, kí ó má ṣe tẹ iṣẹ́ mìíràn lórí ẹ̀rọ náà. Kí ó kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ náà gan-an. Kí n sì sọ ti SSD náà, kí ẹ má baà sọ pé mo ń pọ́n ọn jù: òun kì í dún kí ó tó kú. Ní ọjọ́ tí ó bá kú, ó kú nìyẹn, ó sì ṣòro púpọ̀ láti yọ nǹkan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohùn kan, ibi méjì, ó kéré tán.

Èmi kò ní tan yín pé gbogbo ẹ̀rọ ni ó ṣeé gbà là. Àwọn kan wà tí wọ́n fi òjé jó ràámù mọ́ pátákó inú wọn. MacBook Air kò yàtọ̀ sí èyí láti ìgbà tí ó ti jáde ní 2008. Àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tún wà tí ibi ìpamọ́ wọn jẹ́ eMMC 32GB, tí òun náà jẹ́ jíjó mọ́ pátákó. Ẹ má ná owó lórí ìwọ̀nyí. Bákan náà, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú tí ó wà fún tẹrútọmọ dúró lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí prosẹ́sọ̀ Intel inú rẹ̀ ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tí ó jáde ní 2017. Kò sí ràámù tí ó lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n Linux Mint wà, ọ̀fẹ́ ni, 4GB tó o, LibreOffice sì wà nínú rẹ̀ fún ìwé kíkọ. Ẹni tí ó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ yóò mọ́ ọn.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè kọ ẹ̀ àti ọ́ pẹ̀lú àmì, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ tuntun. Irọ́ ni. Bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá ṣètò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun kò ní rí àmì kankan fi síbẹ̀ náà. Àwọn tí ó ṣáájú wa ní Ẹ̀ka yìí fi bírò fi àmì sí orí ohun tí wọ́n fi táípìráítà tẹ̀, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ kì í ṣe àìsàn kọ̀ǹpútà.

Olùkọ́ wa kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ pé wákàtí tí a bá lò lórí súkúrú, a ti jí i nínú wákàtí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́ sà, pípààrọ̀ SSD kì í gbà ju ààbọ̀ wákàtí lọ, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í lò ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan níbi tí ó ti ń dúró de ẹ̀rọ rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó kù ni ti kí á má bà á jẹ́. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin kan kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí aṣọ máa ń ta páro-páro bí a bá ń bọ́ ọ. Ìyẹn ni gbogbo èèwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Lọ́dọọdún ni a ń ra ankara, tí a ń gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀ ní Ọjọ́ Àṣà. Ẹ jẹ́ kí á yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ra àpò sukuduráífà kéékèèké kan, okùn USB tí ó ń so SSD mọ́ ẹ̀rọ láti ìta kí á lè da gbogbo ohun tí ó wà nínú ti àtijọ́ sínú tuntun láìsọ nǹkan nù, àti dísìkì ńlá kan tí yóò máa gbé ní ọ́fíìsì Ẹ̀ka, tí a óò máa kó ẹ̀dà ohùn tí ẹnikẹ́ni bá gbà sílẹ̀ sí. Ẹ sì yan ọjọ́ Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan kí á jọ máa tú wọn. Ẹni tí yóò bá ra ọjà, kí á bá a dán an wò níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ayédèrú SSD àti fláàṣì pọ̀ tí wọ́n kọ 1TB sí lára tí inú rẹ̀ kò tó 64GB. Kí á kó nǹkan kún un, kí á tún ṣí i wò, kí á tó san owó tán.

Èmi ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, kí ó sì ti kó ohùn inú rẹ̀ sí ibòmíràn kí ó tó jáde nílé.